Ẹni Tí Yóò Dáhùn: Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Wáyà Nínú Ìtọ́jú Àgbà Tí Iyè Rẹ̀ Ń Ra

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ nìkan. Èyí ni ti baba tàbí ìyá tí ó ti dàgbà, tí iyè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ra. Ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo ará ìjọ rí wá ń bi ọmọ bíbí inú rẹ̀ léèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ẹni tí ó ti gbé inú ilé kan náà fún ogójì ọdún a máa di ẹrù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a ní òun ń lọ sí ilé. Ilé tí ó ń wá ni ilé baba rẹ̀, tí ó ti wó láti ìgbà pípẹ́. Bí a bá gbé ojú kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti bọ́ sí ìgboro, kò sì mọ ọ̀nà àbọ̀ mọ́.

Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ bí ìdààmú náà ti pọ̀ tó. Ìdílé a túká: ọ̀kan a gba ọ̀nà ọjà, ọ̀kan a gba ọ̀nà ilé ìsìn, ọ̀kan a sáré lọ sí ibùdókọ̀, ọ̀kan a sì dúró ní ẹnu ọ̀nà, a máa sunkún. Nígbà mìíràn a máa rí arúgbó náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà mìíràn ilẹ̀ a mọ́ kí a tó rí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kì í bá a láàyè mọ́. Ẹgbẹ́ Alzheimer ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé nínú ẹni 10 tí àrùn ìgbàgbé bá mú, ẹni 6 ni yóò ṣáko lọ ní ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀kan. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ fún yín nípa àwọn ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ìròhìn ránṣẹ́ láì lo wáyà: ohun tí wọ́n lè ṣe fún irú àgbà bẹ́ẹ̀, àti ohun tí wọn kò lè ṣe láéláé.

ÀÌSÀN NI

Àwọn baba wa mọ̀ pé àgbà a máa ṣarán, wọ́n sì ka èyí mọ́ ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti fi yé wa pé àìsàn inú ọpọlọ ni. Nítorí ọ̀pọ̀ arúgbó ni ó ti di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tí iyè wọn ṣì pé. Ní ọdún 1901, a gbé obìnrin ará Jámánì kan, Auguste Deter, ẹni ọdún 51, wá sí ilé ìwòsàn ní ìlú Frankfurt, nítorí tí kò lè rántí nǹkan mọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Oníṣègùn Alois Alzheimer fi ara balẹ̀ kọ gbogbo ìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú ní 1906, ó yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí i pé ó ti rọ, àti pé àwọn ohun àjèjì ti dì sí inú rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni ó ròhìn rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àrùn náà títí di òní. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo àrùn ìgbàgbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ènìyàn mílíọ̀nù 57 ni ó ní irú àrùn yìí ní gbogbo ayé, àti pé nínú ẹni 100, ẹni tí ó ju 60 lọ ni ó ń gbé ní àwọn ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Kò tíì sí oògùn tí í wò ó sàn pátápátá.

Ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn aṣáájú wọn, ti fi ọwọ́ so ọwọ́ pẹ̀lú àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n ń bá àwọn tí ó ti pé ọdún 65 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé láàrín ọdún kan, ẹni 1.35 nínú 100 ni àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 nínú 100 láàrín àwọn aláwọ̀ dúdú ti Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn nítòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹni tí ó bá ń wí pé àrùn òyìnbó ni, kí ó rántí Ìdíkàn.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí ni pé nígbà tí a kò bá mọ̀ pé àìsàn ni, a máa fún un ní orúkọ mìíràn. Ìyá àgbà tí ó ń rìn ní òru, tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ilẹ̀ sì mọ́ bá ní ẹnu ọ̀nà onílé tí kò mọ̀ rí, ni a ti pè ní àjẹ́ ní ilẹ̀ wa, tí a ti nà, tí a sì ti lé kúrò ní ilé. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù kí ìyá má baà sọnù, a tì í mọ́ inú yàrá láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí kí ó so ó mọ́ ibùsùn. Ẹni tí ó ń ṣe èyí lè fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

ỌMỌ ASỌ̀RỌ̀MÁGBÈSÌ

Ní ọdún 1935 ni a kọ́kọ́ gbé àpótí tí ń sọ̀rọ̀ wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Wáyà ni ohùn ń gbà dé inú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ènìyàn wa sọ ọ́ ni asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sì gba èsì lọ́wọ́ ọba, kò gbà á lọ́wọ́ ìjòyè. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kejìlá 1901, ni Marconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ti gba àmì kan tí ó la òkun Àtìláńtíìkì kọjá nínú afẹ́fẹ́ lásán, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé Newfoundland. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà ni ó bí tẹlifóònù alágbèéká, tí ẹ̀yà tí a ń lò báyìí dé ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2001. Ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà láàrín ẹ̀rọ òde òní àti asọ̀rọ̀mágbèsì ni pé tòní ń gba èsì. Ó lè gbọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí. Ó lè mọ̀ pé ẹni tí ó so ó mọ́ ọwọ́ ti jìnnà sí ilé. Ó sì lè sọ èyí fún ọmọ tí ó wà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Irú mẹ́rin ni ó yẹ kí ìdílé mọ̀.

Èkíní ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, òun ni ó rọrùn jù tí owó rẹ̀ sì kéré jù. Ègé kékeré méjì ni. Ọ̀kan ní òòfà nínú, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Èkejì a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi àtẹ́rígbà. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, àwọn méjèèjì súnmọ́ ara wọn, wọ́n dákẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, òòfà ti kúrò ní ìtòsí, ẹ̀rọ náà a sì fi àmì ránṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́, agogo kékeré a dún nínú yàrá tí ọmọ ń sùn sí, tàbí kí fóònù rẹ̀ dún. Nítorí náà, ọmọ lè sùn. Kò di dandan kí ó máa jí wò ní wákàtí wákàtí bóyá ìyá ti jáde.

Èkejì ni ẹ̀rọ tí àgbà ń gbé kiri. Ó lè dà bí aago ọwọ́, ó sì lè jẹ́ ègé pẹlẹbẹ tí a lè rán àpò kékeré fún mọ́ inú yẹ̀rì tàbí ṣòkòtò. Ní òkè lọ́hùn-ún, ní ibi gíga tí ó tó 20,200 kìlómítà, àwọn sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tí kò dín ní 24 ń yí ayé po. Olúkúlùkù wọn ní aago tí ó péye gidigidi nínú, ó sì ń kéde àkókò láì sinmi. Ẹ̀rọ tí ó wà lára arúgbó a gbọ́ ìkéde mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti inú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń ṣírò ibi tí òun wà. GPS ni a ń pe ètò náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: sátẹ́láìtì kò mọ ibi tí ìyá wa wà, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí ó wà lára ìyá ni ó mọ̀ ọ́n. Kí ó tó lè sọ fún wa, ó gbọ́dọ̀ ní káàdì síìmù nínú bí ti tẹlifóònù, kí owó wà lórí síìmù náà, kí ó sì wà ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Nínú ilé tí ògiri rẹ̀ nípọn, ìṣírò rẹ̀ lè ṣìnà. Bí bátìrì rẹ̀ bá sì kú, kò sàn ju òkúta lọ.

Àmì kékeré kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ kí ó má baà sọnù, tí ń lo Bluetooth. Ẹ má ṣe ṣi í mú fún èyí tí a wí lókè yìí. Fóònù àwọn tí ó bá ń kọjá nítòsí ni ó gbẹ́kẹ̀ lé láti fi ìròhìn ránṣẹ́. Ní àárín ọjà ó lè sọ̀rọ̀. Ní ojú ọ̀nà oko tí ẹnikẹ́ni kò gbà, ó dákẹ́.

Ẹ̀kẹta ni bọ́tìnnì tí a ń so mọ́ ọrùn tàbí ọwọ́. Bí àgbà bá ṣubú, tàbí bí ẹ̀rù bá bà á, yóò tẹ̀ ẹ́, a ó sì gbọ́. Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, nígbà tí iyè ṣì wà díẹ̀. Nígbà tí àìsàn bá ti wọra, àgbà a máa gbàgbé ohun tí a fi bọ́tìnnì náà ṣe, a sì máa bọ́ ọ sọnù bí ohun ọ̀ṣọ́ tí kò wù ú.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ tí ń kọrin àti èyí tí ń fi ojú ẹni hàn. Orin tí àgbà ti mọ̀ láti ìgbà èwe a máa pẹ́ nínú iyè rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun mìíràn lọ. Ìyá tí kò rántí oúnjẹ tí ó jẹ ní òwúrọ̀ lè kọ orin ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn àárín tí ó ń bá ẹgbẹ́ akọrin kọ nígbà èwe rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ kékeré tí ń gba orin láti inú fóònù, tí a gbé sí ìtòsí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ máa ń dàrú, lè mú un jókòó jẹ́ẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìbáwí lọ.

ILÉ MÉJÌ

Ní 1999, ní ìlú Chesapeake ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, a dá ètò kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Project Lifesaver. A máa ń fi ẹ̀gbà kan sí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ àgbà, tí ń ta àmì sí afẹ́fẹ́ ní ọ̀sán àti ní òru. Bí ìdílé bá ké sí wọn pé a kò rí i mọ́, àwọn tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ náà a jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gbọ́ àmì yìí. Wọn a yí i sí ìhín, wọn a yí i sí ọ̀hún, títí wọn ó fi mọ ìhà tí àmì náà ti lágbára jù. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀gbà náà kò gbé ẹnikẹ́ni wá sí ilé. Ènìyàn tí a ti kọ́, tí ó ti múra, tí ó sì dìde lójú ẹsẹ̀, ni ó ń rí arúgbó náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ilé èkíní, àwọn ọmọ mẹ́ta da owó jọ, wọ́n ra aago GPS tí ó wọ́n fún baba wọn, wọ́n sì so fóònù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, baba jáde. Fóònù mẹ́ta dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n rò pé àbúrò ti gbọ́. Àbúrò rò pé ẹ̀gbọ́n ti ń lọ. Ẹ̀kẹta wà nínú ìpàdé, ó pa ohùn fóònù rẹ̀. Agogo mẹ́jọ alẹ́ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Nígbà náà bátìrì aago ti kú, nítorí a kò rán ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ pé kí ó máa fi iná sí i. Kí a tó rí aṣọ fún Ọmọ́yẹ, Ọmọ́yẹ ti rìn ìhòòhò wọ ọjà.

Ní ilé kejì, owó kò pọ̀. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé kan lẹ̀ mọ́ ògiri: ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, ìyàwó àkọ́bí ni yóò dáhùn, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ọmọbìnrin, Àbámẹ́ta àti Ìsinmi, ọmọ-ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n mú ìyá lọ kí alákàrà orígun òpópó, àti àwọn ọlọ́kadà tí ń jókòó lábẹ́ igi, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n pé, "Bí ẹ bá rí Màmá ní àwọn nìkan, ẹ dákun, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì pè wá." Nígbà tí agogo dún ní òru, ọmọbìnrin dìde. Kò pariwo, kò bá ìyá jiyàn pé ilé rẹ̀ rèé. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sìn yín díẹ̀." Wọ́n rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì padà wọlé sùn.

Ẹ̀yin ará, ilé wo nínú méjèèjì ni ó ní ẹ̀rọ tí ó dára jù? Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ẹ̀rọ lè dín àkókò tí ó wà láàrín ewu àti ìrànlọ́wọ́ kù. Kò lè di ìrànlọ́wọ́ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ìdílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàn kí ó tó lọ sí ilé ìtajà ni ẹni tí yóò dáhùn.

SÍ ÀWỌN ỌMỌ TÍ Ó WÀ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, àti ní àwọn ìlú mìíràn, nígbà tí òbí wọn wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Lónìí ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ṣí ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe? Kò lè na ọwọ́ la òkun kọjá. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún un ni pé kí ó má ṣe gba iṣẹ́ ẹni tí ń dáhùn mọ́ ara rẹ̀ ní ọwọ́. Kí ó san owó síìmù àti owó iná. Kí ó san owó iṣẹ́ fún ẹni tí ń tọ́jú ìyá, kí ó má sì jẹ́ kí owó náà pẹ́. Kí ó má sì máa bá àbúrò tí ó wà ní ilé wí láti orí fóònù fún ohun tí òun kò sí níbẹ̀ láti ṣe. Ó rẹ àbúrò náà.

Iṣẹ́ kan wà tí ọmọ ọ̀nà jíjìn lè ṣe fúnra rẹ̀, òun ni kí ó jẹ́ kí ìyá rí ojú òun. Kí ó máa pè ní wákàtí kan náà ní ọjọ́ gbogbo, ní àkókò tí ara ìyá máa ń yá. Kí ó má ṣe bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" nítorí ìbéèrè yìí a máa dójú ti àgbà tí kò bá rí ìdáhùn. Kí ó kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀: "Ẹ káalẹ́ o, Màmá. Èmi àkọ́bí yín ni mo ń pè yín." Bí ìyá bá pè é ní orúkọ àbúrò òun tí ó ti kú, kí ó jẹ́ ẹ. Bí ó bá sọ ìtàn kan ní ìgbà mẹ́ta, kí ó gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́ta.

AṢỌ TÍ A FI BO NÓÀ

A kò lè ṣe aláì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ayàwòrán, tí àwọn kan ń kàn mọ́ ògiri láti máa wo àgbà láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní ìlò tirẹ̀, pàápàá ní ìgbà tí a bá fi àgbà sí ọwọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìtàn Nóà nínú Ìwé Mímọ́. Baba sùn ní ìhòòhò nínú àgọ́ rẹ̀. Hámù rí i, ó sì jáde lọ ròhìn rẹ̀. Ṣémù àti Jáfétì mú aṣọ, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n sì bo baba wọn láì wo ìhòòhò rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan náà lè di ojú Hámù, ó sì lè di aṣọ Ṣémù. Ọwọ́ àwa tí a ni ín ni ó wà. Kí a má ṣe kàn án sí ibi ìwẹ̀ tàbí ibi tí àgbà ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kí a má sì gbé àwòrán àgbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú sí orí WhatsApp ìdílé, kí àwọn ọmọdé máa fi rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún kù. Bí ó bá ṣe é ṣe, kí a bi àgbà náà léèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, nígbà tí ó ṣì lè fèsì: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí a máa mọ ibi tí ẹ wà?" Ọ̀pọ̀ ni yóò gbà bí a bá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn pẹ̀lú. Ẹni tí a bá so ẹ̀rọ mọ́ lára bí ẹran ọ̀sìn láì sọ fún un, a máa já a sọnù.

ÌMỌ̀RÀN DÍẸ̀

1. Ẹ kọ́kọ́ mú àgbà lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ibà, àrùn inú ìtọ̀, àti oògùn mìíràn tí a ń lò lè da ọkàn arúgbó rú fún ìgbà díẹ̀, ìwọ̀nyí sì ní ìwòsàn. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, a ṣí ibi ìtọ́jú kan fún àwọn arúgbó nìkan ní 2012, tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè.

2. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò dáhùn ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sí ọrùn ẹnì kan láti oṣù dé oṣù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

3. Ẹ yan wákàtí kan fún fífi iná sí ẹ̀rọ. Àkókò àdúrà ìrọ̀lẹ́ dára, nítorí gbogbo ilé ni ó péjọ. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ ní bátìrì tí a lè fi pamọ́ fún ọjọ́ àìsí.

4. Ẹ dán ẹ̀rọ náà wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ọmọ kan gbé e rìn dé ọjà, kí ẹlòmíràn wò ó bóyá fóònù sọ òtítọ́.

5. Ẹ ní ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ. Àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé kan tí a ń pè ní Herbert Protocol, tí a fi orúkọ George Herbert pè, ológun àtijọ́ tí ó jà ní Normandy ní 1944, tí àrùn ìgbàgbé sì mú ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ìdílé a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ewu tó dé: àwòrán àgbà, oògùn tí ó ń lò, ilé tí ó gbé rí, ibi tí ó ṣiṣẹ́ rí. Kò sí ohun tí ó dí àwa náà lọ́wọ́ láti kọ irú rẹ̀, kí a sì fi í pamọ́ sínú àpótí Bíbélì. Nítorí ibi tí ẹsẹ̀ mọ̀ nígbà èwe ni ẹsẹ̀ arúgbó í máa gbà.

6. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù ìdílé mọ́ inú aṣọ rẹ̀. Èyí kò fẹ́ iná, kò fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

7. Bí a kò bá rí i mọ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì nítorí ìtìjú. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, fún ọlọ́pàá, àti fún ìjọ lójú ẹsẹ̀.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òfin karùn-ún tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kò sọ pé kí a bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì mọ orúkọ wa. Ẹni tí ó gbàgbé wa ni ó jí ní òru nítorí wa rí, tí kò sí agogo kankan tí ó jí i ju ẹkún wa lọ. Bí agogo kékeré bá wá dún lónìí ní agogo méjì òru, ẹ jẹ́ kí a dìde, kí a wọ bàtà, kí a sì bá wọn rìn díẹ̀. Kí Ọlọ́run fún gbogbo ìdílé tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí ní sùúrù àti okun. Àmín.